Ẹja á lúwẹ̀ẹ́ lọ, ìṣáwùrú ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ o, bọ̀ọ̀dá kan tó ń ta ilẹ̀ l'Ajah ló bí mi nínú. Ó gbé fídíò síta, páìpù dírẹ́jà, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, ń da yanrìn sínú ọ̀sà gbuuru kí ibẹ̀ lè di ilẹ̀ títà, ẹnì kan wá bi í pé àwọn ẹja ibẹ̀ ńkọ́, ó ní "ẹja ní lẹ́bẹ́, á lúwẹ̀ẹ́ lọ síbòmíì." Wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, ẹja ní lẹ́bẹ́. Ìṣáwùrú náà ní lẹ́bẹ́? Àwọn ekòló inú yanrìn tí akàn àti ọ̀bọ̀kún ń jẹ ńkọ́? Apá òkè yanrìn ìsàlẹ̀ omi ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni páìpù kọ́kọ́ máa ń fà, ó ń fa ilé ó ń fa onílé. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tó bá rú sókè á tún lọ balẹ̀ lórí àwọn tó ṣẹ́kù, á bò wọ́n mọ́lẹ̀ láàyè. Ọ̀sà Èkó ò kúkú jìn, tí wọ́n bá wá gbẹ́ kòtò ńlá sísàlẹ̀ ẹ̀, omi inú kòtò yẹn ò ní máa rìn dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ inú omi tí àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí ibẹ̀ ń mí á dín kù, kí ló fẹ́ gbébẹ̀?

Màmá tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn ní Bàrígà ní ọ̀pá tí bàbá fi ń ti ọkọ̀ ò kanlẹ̀ mọ́ níbi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀pá kan náà o! Wọ́n ní ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni àwọ̀n ń kó báyìí, akàn ti dàwátì, ìyẹn ni wọ́n fi ń fi ṣáwá inú yìnyín kún ọjà. Ṣáwá tó ń ti òkun òyìnbó wá yẹn gan-an, òkúta wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ òkun ló ń yé ẹyin lé. Wọ́n ń wa òkúta yẹn níbẹ̀ náà, ní North Sea lẹ́gbẹ̀ẹ́ England, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń ní kí ẹ̀rọ dúró lásìkò tí ẹja bá ń yé, wọ́n sì máa ń padà lọ yẹ ìsàlẹ̀ omi wò bóyá nǹkan ẹlẹ́mìí ti padà síbẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló máa ń gbà nígbà míì. Àwa ńkọ́? Supreme Court ní 2024 ti dá a pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí àwọn ọ̀nà omi inú ilẹ̀ wa, ẹni tó ń yẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò ni mi ò rí.

Ẹ má sọ fún mi pé Èkó ò nílẹ̀ mọ́, mo ti gbọ́.

Ohun tó kàn wá dà mí láàmú ni pé ọmọ màmá yẹn kan wà lára àwọn tó ń fi báákẹ́ẹ̀tì mù lọ sísàlẹ̀ omi wa yanrìn fáwọn onítípà. Mo bi wọ́n pé "Mà, ṣé kí ìjọba lé gbogbo wọn ni?" Wọ́n ní kí n sanwó ẹja mi jọ̀ọ́. Ti dírẹ́jà ńlá yẹn, mi ò ní yí ohùn padà, ṣùgbọ́n ti ọmọ yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí mà á sọ.