Ẹ yéé gbé gbogbo rẹ̀ ka oòrùn lórí: àwọn òṣùpá Júpítà lọ́wọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan tó kàwé dáadáa ló là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́jọ́sí pé níbikíbi tí èèyàn bá ti rí aurora, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó máa ń jó lókè ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù pílánẹ́ẹ̀tì, oòrùn ló tàn án, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ní Júpítà ńkọ́? Ó ní oòrùn kan náà ni. Mo ní àwọn òṣùpá rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni òṣùpá kékeré fẹ́ fi pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi tó báyẹn ṣe.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ti ayé wa níbí, mo gbà. Ẹ̀fúùfù oòrùn, ìyẹn àwọn ohun wíńwíń oníná tó ń fẹ́ jáde lára oòrùn, ló ń da òòfà ayé láàmú tí aurora fi ń tàn, ohun tí wọ́n sì kọ́ gbogbo wa nílé ìwé nìyẹn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn gbé ẹ̀kọ́ ayé lọ di ẹrù lé Júpítà lórí láì wo ibi tí Júpítà wà. Ó jìnnà sí oòrùn ju ayé lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀. Kí ẹ̀fúùfù oòrùn tó débẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po 27. Síbẹ̀, agbára tó wà nínú aurora Júpítà ju ti ayé lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìlọ́po, kì í sì í kú. Oòrùn ì báà máa bínú, ì báà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń tàn lọ ni.

Níbo ló ti wá ń rí agbára? Ẹ wo Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Voyager 1 kọjá lẹ́bàá Júpítà lóṣù kẹta ọdún 1979, ó bá òkè ayọnáyèéfín lórí òṣùpá yìí, wọ́n ń tú nǹkan sókè lákọlákọ. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan imí ọjọ́ àti ọ́síjìn ló ń já kúrò lọ́dọ̀ Io ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á di plasma, ìyẹn gáàsì tó ní iná mànàmáná nínú, òòfà Júpítà á sì gbá wọn mú, á máa fà wọ́n yí po bí Júpítà fúnra rẹ̀ ṣe ń yí, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 55. Plasma yẹn ń sáré kìlómítà 74 ní ìṣẹ́jú àáyá. Io ń sáré 17. Ẹ̀yìn ni plasma ti ń lé Io bá, tó ń gbá a lára kọjá láìdúró. Ìfarakanra yẹn ló ń bí iná mànàmáná tó ju mílíọ̀nù ámpíà lọ, tó ń gba ojú ọ̀nà òòfà lọ sí ìhà àríwá àti ìhà gúúsù Júpítà. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń bá a rìn á wá ya lu afẹ́fẹ́ tó wà lókè níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá yà lù, ibẹ̀ ló ń tàn.

Ibi tó ń tàn yìí gan-an ni kí ẹ wò dáadáa, nítorí òun ló parí ẹjọ́. Ipasẹ̀ Io ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n ti fi awò awọ̀nàjíjìn orí ilẹ̀ rí i láti 1993, kí Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó wà ní òfuurufú, tó wá ya fọ́tò rẹ̀ kedere. Mo ti to àwọn fọ́tò Hubble tẹ̀lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá mi jiyàn lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí òrùka ìmọ́lẹ̀ ńlá kan tó yí ìpẹ̀kun àríwá ká, tó ń bá Júpítà yí lọ. Níta òrùka yẹn, ẹ máa rí àmì kékeré kan tó ń tàn yòò, tó wọ́ ìrù tẹ̀yìn. Òrùka ń kọjá lọ. Àmì ò bá a lọ. Júpítà á yí po tán ní nǹkan bíi wákàtí 10, àmọ́ wákàtí 42 àti ààbọ̀ ni Io fi ń yí Júpítà ká, ìrìn Io ni àmì yìí sì ń rìn. Bí Io bá lọ sẹ́yìn Júpítà, àmì náà á lọ sẹ́yìn. Bí Io bá yọ, àmì á yọ. Oòrùn wo ló wá ń sin Io kiri fún wákàtí 42?

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Juno dé ibẹ̀ lóṣù keje ọdún 2016, ó wò ó láti ìtòsí. Èsì tó jáde ní 2018 fi hàn pé ìrù tí a rò pé ó jẹ́ ìlà kan gbọọrọ, àwọn àmì wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan sápá ibí, ọ̀kan sápá ọ̀hún. Ti Ganymede, òṣùpá Júpítà míì, tiẹ̀ pín sí méjì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun pàápàá, èyí ló ń bí mi nínú jù. Ọdún 1955 ni Bernard Burke àti Kenneth Franklin ṣàdédé gbọ́ ariwo rédíò láti Júpítà. Nígbà tó di 1964, E. K. Bigg ti fi hàn pé ibi tí Io bá wà ló ń pinnu ìgbà tí púpọ̀ nínú ariwo ọ̀hún máa ń dún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko kí ẹnikẹ́ni tó rí òkè ayọnáyèéfín níbẹ̀! Èmi alára ti fi rédíò ṣọ́ọ̀tùwéfù àti wáyà tí mo ta sókè gbọ́ ọ, ní nǹkan bíi mẹ́gáháàsì 20. Á máa dún wùùù, wùùù, á tún ṣàdédé fọ́ sí wẹ́wẹ́, pàrà-pàrà-pàrà. Ìwé tí mo fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí n tan rédíò, ipò Io ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ oòrùn níbẹ̀. Bí Io ò bá sí nípò, ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ nǹkan kan títí oorun á fi gbé mi lọ.

Io nìkan kọ́. Nínú fọ́tò kan tí Hubble yà lóṣù kọkànlá ọdún 1998, ipasẹ̀ Io, ti òṣùpá Europa àti ti Ganymede wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òṣùpá Callisto ló fara pa mọ́ jù. Ohun tí Juno rí ní 2019 ni wọ́n fi tú u fó, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2025. Lọ́dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n, òṣùpá Enceladus tó ń tu omi sí òfuurufú náà ní tirẹ̀: ọkọ̀ òfuurufú Cassini rí i ní 2008, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2011.

Ó dáa, oòrùn lọ́wọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù rẹ̀ bá ya lu Júpítà gan-an, aurora ibẹ̀ máa ń tàn sí i, ọwọ́ rẹ̀ tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Sátọ̀n, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lórí bí òrùka ńlá yẹn ṣe ń rí agbára rẹ̀. Mo ti sọ ọ́.

Èyí tí wọ́n máa ń fi ká mi mọ́ gbẹ̀yìn ni pé òṣùpá tiwa ńkọ́, ṣebí kì í tan nǹkan kan? Bẹ́ẹ̀ ni, kì í tàn, àmọ́ kì í ṣe torí pé ó kéré. Ẹgbẹ́ ni òun àti Io: láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, Io fẹ̀ ní kìlómítà 3,640, tiwa fẹ̀ ní 3,475, Io wà ní nǹkan bíi kìlómítà 422,000 sí àárín Júpítà, tiwa wà ní 384,400 sí ayé. Àmọ́ òkè ayọnáyèéfín orí òṣùpá tiwa ti kú tipẹ́, kò sí ohun gidi kan tó ń dà sí òfuurufú. Òòfà ayé náà kò sì nasẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 65,000 lọ ní ìhà tó kọjú sí oòrùn, nítorí náà ìta rẹ̀ ni òṣùpá wa ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù, àfi ọjọ́ díẹ̀ tó fi ń gba ìrù òòfà náà kọjá nígbà àrànmọ́jú. Io kì í jáde nínú òòfà Júpítà rárá.