Ẹ má fi owó ilé-ẹ̀kọ́ di sójà tó ti ogun dé lẹ́nu

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan tó ti ogun Vietnam dé jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Aṣọ sójà ló wọ̀ lọ. Ó bi wọ́n léèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọkùnrin kan pé kó wá jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò kú nítorí àṣìṣe. Lọ́jọ́ kejì, àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ tò síwájú ilé aṣòfin, wọ́n ń ju àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà lójú ogun dànù lọ́kọ̀ọ̀kan.

John Kerry ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, òṣèlú sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó díje lọ́dún 1972, ó fìdí rẹmi. Ó padà di aṣòfin àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó du ipò ààrẹ lọ́dún 2004, àwọn kan tí wọ́n ja ogun kan náà hú ọ̀rọ̀ 1971 jáde, wọ́n fi nà án. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọjọ́ kan, gbèsè ọdún 33!

Kerry lórúkọ, ó sì lẹ́ni. Ti sójà tí kò lẹ́nìkan ńkọ́, tó padà sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọ ọdún 18? Òfin Amẹ́ríkà ọdún 1944 san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ja ogun àgbáyé kejì, ó tún fún wọn lówó oúnjẹ. Nígbà tó kan àwọn ti Vietnam lọ́dún 1966, 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àpọ́n, kó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́, kó fi ra ìwé, kó fi jẹun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo níta pé kí ogun tó jà parí, ìdánwò ń dúró dè é nínú ilé. Ìyẹn tún ni ìgbà tí ìbọn ń dún lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́: ní Yunifásítì Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 1970, àwọn sójà ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ náà yin ọta 67 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 13, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kú.

Òfin tòní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ilé fún oṣù 36. Àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, owó ilé rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Ní oṣù kẹrin 2024, Yunifásítì Columbia pe ọlọ́pàá sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn lórí ogun Gásà, wọ́n kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ní kí àwọn kan lọ rọ́kún nílé. Ọmọ ogún ọdún á lọ rọ́kún nílé bàbá rẹ̀. Sójà tó níyàwó, tó bímọ, ilé ta ni yóò ti rọ́kún?

Àwọn kan ń sọ pé ẹnu tó ń jẹ dòdò kì í sọ òdodo, pé ẹni tí ìjọba ń bọ́ kó panu mọ́. A ò fara mọ́ ọn. Owó yìí kì í ṣe sàráà, ara rẹ̀ ló fi gbà á. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó sá, bí a bá sì ń wá ẹni tó mọ ohun tí ogun jẹ́, òun náà ni. Ẹni tó fọ́ fèrèsé tàbí tó dínà mọ́ ẹlòmíì, kó lọ jẹ́jọ́ rẹ̀. Èyí tó sì yàn láti jókòó ti ìwé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ojo.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Nílé níbí pàápàá, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan tó parí nígbà tí ọta ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjú ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọjọ́ 1 oṣù kejì 1971. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán làwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí yunifásítì kankan má lé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ̀hónú hàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láìtíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sì kọ ọ́ sínú òfin pé owó ilé sójà kò gbọdọ̀ dúró títí ìdájọ́ yóò fi jáde, nítorí onílé kì í dúró de ìgbìmọ̀ ìwádìí.