Láti Abẹ́ Òkúta Dé Ìlú Òkúta

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti Zanzibar, erékùṣù ilẹ̀ Tanzania, dé, ẹ bá mi kí i kú àbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́ ti mọ ohun tí mo ń wí: ẹ ti rí fìlà koríko tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ aláta, ẹ sì ti rí obìnrin tí ó kẹ̀yìn sí òkun bí ẹni tí òkun jẹ lówó. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ó wọlé tọ̀ wá wá ní Ìbarà, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo lọ hàn yín,” mo sì jókòó wo àwòrán 114, tí gbogbo wọn jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí n má purọ́, orí mi kọ́kọ́ wú. Ọmọ Ẹ̀gbá dé etí Òkun Íńdíà, kì í ṣe ohun kékeré. Ó ní wọ́n mú òun rìn yí Stone Town ká ní òwúrọ̀, orúkọ tí kò ju Ìlú Òkúta lọ bí a bá pè é ní èdè wa. Òkúta iyùn inú òkun ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ibẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ibi àjogúnbá aráyé láti ọdún 2000. N kò bá a jiyàn. Mo kàn ń rò ó nínú ara mi pé ọmọ tí a bí sí Abẹ́òkúta, tí kò gun Olúmọ mọ́ láti ìgbà tí ó ti jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, tí ó ní àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dun òun lórúnkún, ni ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo òkúta olókùúta. Ní ayé tiwa, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ilé ìwé dé ìdí Olúmọ, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà nínú ewé, tíṣà wa a sì máa fi pàṣán tọ́ka sí ihò tí àwọn baba wa sá sí lọ́dún 1830. Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀, pàṣán yẹn náà ni yóò bá a sọ ìyókù.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá kan ìjàpá. Àwòrán ìjàpá tí mo kà jẹ́ 47. A rí ìjàpá nìkan. A rí òun àti ìjàpá. A rí i tí ó na ewé kábéèjì sí ìjàpá, tí ìjàpá ń wo ewé, tí ìjàpá ń jẹ ewé, tí ìjàpá jẹ ewé tán tí ó tún ń wo òun. Ìjàpá ńlá ni lóòótọ́. Lọ́dún 1919 ni gómìnà Seychelles fi mẹ́rin ta erékùṣù tí wọ́n wà lọ́rẹ, èyí tó dàgbà nínú irú wọn a sì máa wọ̀n ju 200 kílò lọ, ó sì lè lo ju 100 ọdún lọ láyé. Ọmọ wa kúnlẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ mi yé o, ó kúnlẹ̀! Ọmọ tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ kí mi, orúnkún kan ni ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, méjèèjì ni ó fi kanlẹ̀ fún Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, orúnkún ọ̀hún kò sì dùn ún. Nínú gbogbo àlọ́ tí ìyá àgbà pa fún wa, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ìjàpá fi ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ, ìyà ni ó sì máa ń fi gbẹ̀yìn rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti kó lọ sí Zanzibar, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó kí ó tó gbà láti jẹun lọ́wọ́ wọn.

Changuu ni orúkọ ibi tí ìjàpá yìí wà, ṣùgbọ́n Erékùṣù Ẹ̀wọ̀n ni àwọn olùgbafẹ́ ń pè é, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1893, tí wọn kò sì fi ẹlẹ́wọ̀n sí rárá. Àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n padà ń sé mọ́ ibẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù nídìí àmín, bí wọ́n bá gbàdúrà ní ọjọ́ kìíní oṣù pé a kò ní rí ẹ̀wọ̀n he. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní Ìbarà níbí, n kò tíì rí ẹni tó ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Oko èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n lọ ní ọ̀sán. Wọ́n ní kí ó gbóòórùn kànáfùrù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dijú. Wọ́n já ewé tíì fún un, irú èyí tó kún ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa tí ó ti ní kí n gé dànù. Wọ́n fi imọ̀ àgbọn hun adé fún un, ó dé e, bẹ́ẹ̀ bí ó bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni yóò máa ké títí yóò fi délé.

Gbogbo èyí ni mo fi rẹ́rìn-ín, àfi ẹyọ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan wà ní Stone Town, lórí ilẹ̀ tí ọjà ẹrú wà kí wọ́n tó tì í pa lọ́dún 1873. Wọ́n gbẹ́ ère àwọn ẹrú sínú kòtò níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n lọ́rùn. Ọmọ wa dúró létí kòtò náà, ó súnnu pọ̀, ó na ìka méjì sókè.

Kí ló ń dùn mọ́ ọ nínú, ìwọ ọmọ yìí? Ta ni o ń na ìka sí? Ogun àti àwọn akónilẹ́rú ni àwọn baba rẹ sá fún tí wọ́n fi wá forí pamọ́ sábẹ́ òkúta. Ajayi Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, ìlú yìí ni ó ti tún fojú kan ìyá tó bí i lọ́dún 1846. O fi ilé sílẹ̀, o fo gbogbo Áfíríkà kọjá, o bá ìtàn ara rẹ nínú kòtò, o wá ń fi ẹnu ṣe bí ẹja sí i! Mo sọ ọ́ sí i lójú bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Dádì, ẹ má bínú, gbogbo èèyàn ló ń ya á.”

Inú ń bí mi, n kò ní í sẹ́, kò sì ṣàìní ọwọ́ owó tiransifọ́mà nínú. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa ti ń dá ₦35,000, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akápò, ṣọ́ọ̀bù ọmọ wa yìí nìkan ni kò tíì san, ó ní ọjà kò tà. Nínú òkùnkùn, lábẹ́ iná fóònù, ni mo ti wo ìjàpá.

Nígbà tí ó fẹ́ẹ́ lọ, ó yọ ọ̀rá kékeré kan jáde nínú báàgì, ó ní ẹ̀bùn wa láti Zanzibar nìyí. Kànáfùrù ni. Ìyàwó mi dúpẹ́, ó sì dà á mọ́ èyí tí ó rà ní ọjà Kútọ̀ nínú agolo. Owó tiransifọ́mà ni n kò tíì rí gbà.