Ẹ má ra MP3 kékeré nítorí ohùn

Èkìtì kete, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ MP3 kékeré, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin, ni mo fẹ́ sọ lónìí, èyí tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n máa ń pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà àti íàpíìsì ní Ọjà Ọba, ní Adó.

Wọ́n máa ń bi mí pé ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́, kí ló tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Èsì mi ò gùn: ẹnikẹ́ni ò lè fi í pè mí. Kò sí WhatsApp lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa já orin mọ́ mi létí pé kí n yáa bá òun fi ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́. Kò jẹ dátà. Bí iná bá ti lọ látàárọ̀, bátìrì fóònù mi ṣì wà fún ẹni tí mo fẹ́ pè. Láti Adó dé Ìkọ̀lé, bí nẹ́tíwọ̀kì bá wá, bó bá lọ, orin ò mọ̀. Apple pa iPod tì lọ́dún 2022, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2001, àwọn kan sì rò pé gbogbo ẹ̀rọ orin ti bá a lọ nìyẹn. Kò bá a lọ o. Ó ṣì wà lọ́jà, olówó pọ́ọ́kú ló kàn kù jù.

Àmọ́ ẹ má torí ohùn rà á. Íàpíìsì tó bá a wá nínú páálí, ẹ ò ní gbọ́ ìlù ìsàlẹ̀ níbẹ̀ rárá, ṣẹ́kẹ́rẹ́ nìkan ni yóò máa pariwo sí yín létí. Ẹ ra èyí tó dáa díẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀bi ẹ̀rọ náà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orin tí wọ́n sì ti fún pọ̀ jù kí fáìlì rẹ̀ lè kéré, kí wọ́n tó kó o sí mẹ́mọ́rì yín, ẹ̀rọ olówó gọbọi gan-an ò lè tún un ṣe.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an, kì í ṣe ohùn. Ẹ fi àmì sórí orúkọ orin bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ yóò kọ síta. «Ọmọ» á di ?m?. Àwọn tó ṣe é ò rò ó pé ẹnì kan máa fi Yorùbá sí i. Òmíràn nínú wọn ò tiẹ̀ mọ A yàtọ̀ sí Z, bẹ́ ẹ bá ṣe kó orin sí i ni yóò ṣe máa kọ ọ́. Èmi ti gba kámú: 01, 02, 03 ni mo ń fi ṣáájú, màá sì kó wọn wọlé ní ẹsẹẹsẹ.

Ti jùjú àtijọ́ ló wá burú jù. Ẹ mọ̀ pé nígbà àwo, wọ́n lè fi ojú kan ṣe orin kan ṣoṣo láìdúró. Àwọn tó gé e sí wẹ́wẹ́ ti ṣe tiwọn, níbi tí wọ́n bá sì ti gé e, ẹ̀rọ yìí á dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa lọ. Onígángan ṣì ń ki èèyàn lọ́wọ́, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́! Bẹ́ ẹ bá rí ojú àwo lódindi nínú fáìlì kan, òun ni kẹ́ ẹ mú. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ láàárín, ọ̀pọ̀ wọn ò rántí ibi tẹ́ ẹ dé. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ń fi tiẹ̀ gbọ́ ìwàásù bi mí pé, «Ìwọ ọmọ yìí, ṣé pásítọ̀ yìí ò lè kúrò lórí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni?»

Ní ti mẹ́mọ́rì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbà ju 32GB lọ, 8GB gan-an sì lè gba orin tó ju wákàtí 100 lọ. Èyí tí wọ́n bá pè ní 128GB tí wọ́n ń tà níye 8GB, ẹ sá fún un. Wọ́n ti tún un ṣe kó máa purọ́ iye tó ń gbà. Yóò gba gbogbo orin yín tayọ̀tayọ̀, bó bá yá, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí òfìfo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rédíò inú rẹ̀, wáyà íàpíìsì ló ń fa ohùn wá, torí náà ẹ má rò pé ẹ máa fi Bluetooth gbọ́ ìròyìn. Òkè tiwa náà ò sì ràn wá lọ́wọ́. FM kì í gun òkè, bẹ́ ẹ bá bọ́ sẹ́yìn òkè lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ariwo ṣáá lẹ máa gbọ́. Nínú mọ́tò, ẹ rọra yí ohùn sókè. Fóònù máa ń kìlọ̀ fún èèyàn, èyí ò ní sọ nǹkan kan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á fún àgbàlagbà, oníbọ́tìnnì ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi aláfọwọ́tọ́ sílẹ̀. Bátìrì ló kù tí mi ò tíì rójú ẹ̀. Wọ́n ti jó o mọ́ inú ẹ̀rọ, bó bá ti rẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń tún fóònù ṣe á ní kí n lọ ra òmíràn. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀ ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.