Èéfín nìwà, ẹ yéé pààyàn lójú ewé kẹta

Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, téèyàn bá fi apẹ̀rẹ̀ dé e, ojú ihò apẹ̀rẹ̀ náà ló máa gbà jáde.

Ìtàn táwọn ọmọ ìsìnyí ń kọ ló mú mi pa á lówe, wọ́n á fi ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Bàálù á já sí erékùṣù téèyàn ò gbé, èèyàn mẹ́wàá á yọ, kí n tó dé ojú ewé kẹta wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ lé ara wọn kiri. Mo bi ọ̀kan léèrè pé kí ló sọ tíṣà jẹ́jẹ́ inú ìtàn ẹ̀ di apààyàn, ó ní "ẹ̀gbọ́n, inú igbó ni wọ́n wà o, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀." Ṣé igbó ló wá ń pààyàn ni?

Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ wo William Golding, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà lòun náà, nínú Lord of the Flies, ìtàn àwọn ọmọkùnrin tó há sí erékùṣù, tó gbé jáde lọ́dún 1954. Roger, ọ̀kan nínú wọn, ń sọ òkò sí ọmọ kékeré kan létí òkun, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ló ń jẹ́ kó bọ́ sí, torí ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń rántí òbí àti tíṣà àti ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ kò séyìí tó wà nítòsí nínú wọn. Roger yìí kan náà ló padà yí àpáta lu Piggy, ọmọ míì nínú wọn, tíyẹn fi kú. Òkò wà ní orí 4, àpáta wà ní orí 11. Ẹ ka ohun tó wà láàárín ẹ̀!

Èmi náà ti há sínú lift rí, àwa mẹ́fà, kò tó wákàtí méjì. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù ló ń tù wá nínú, ẹ fara balẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Nígbà tóoru mú, tí màmá àgbàlagbà kan ń wá omi, mo rí i tí ọ̀gá yìí kọjú sí ògiri, ó yọ ìgò omi nínú báàgì, ó fàtẹ́lẹwọ́ bo ìdérí ẹ̀ kó má baà dún bó ṣe ń ṣí i, ó mu díẹ̀, ó dá a padà, ó nu ẹnu, ó yíjú sí wa, ó tún ní ẹ fara balẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ mo ti rí èéfín.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá há ló ń di ẹranko. Ọmọkùnrin 6 láti Tonga, orílẹ̀-èdè kan ní Òkun Pàsífíìkì, há sí erékùṣù ʻAta lọ́dún 1965, ó lé lọ́dún kan kí ọkọ̀ ojú omi tó rí wọn, wọ́n pín iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kíná kú, èyí tó kán lẹ́sẹ̀ nínú wọn, wọ́n tò ó fún un títí tó fi san.

Torí náà ẹ yéé di ẹ̀bi ru erékùṣù. Ọ̀lẹ ni yín! Ẹ ò fẹ́ jókòó ti èèyàn inú ìtàn yín kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹni tó ti kórìíra kí bàálù tó já, irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nítorí oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ṣáá lẹ fẹ́ràn. Ìwọ tó o fi tìẹ ránṣẹ́ lánàá, o mọ ara ẹ, gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ tíṣà yẹn, padà sójú ewé àkọ́kọ́, kó o sọ fún mi: lọ́jọ́ tómi kọ́kọ́ ń tán lọ, ta ló fi tiẹ̀ pamọ́?