Ẹ má fi lẹ́tà bàbá Boswell kọ́ wa ní ọmọ títọ́

Láti àná ni wọ́n ti ń pín lẹ́tà kan kiri, èyí tí Lord Auchinleck, adájọ́ ní kóòtù tó ga jù ní Skọ́tlándì, kọ sí James Boswell ọmọ rẹ̀, tó padà di òǹkọ̀wé olókìkí, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, 1763. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́: bàbá gidi nìyí, àwọn bàbá òde òní ò lè kọ irú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi.

Ẹ tún lẹ́tà náà kà. Ọmọ ọdún 22 ni James. Òun ni dáwódù, òun ni wọ́n ń retí pé yóò jogún ilẹ̀ Auchinleck ní Ayrshire, ní Skọ́tlándì. Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ó fẹ́ di ọ̀gá sójà láàárín ẹ̀ṣọ́ ọba. Bàbá fẹ́ kó di lọ́yà, torí iṣẹ́ òfin ni òun àti bàbá tó bí òun ṣe. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ? Ó ń sín àwọn èèyàn jẹ, ó sì tẹ lẹ́tà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ síra wọn jáde kí gbogbo ayé kà á. Bàbá wá kọ̀wé pé òun ti pinnu láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba, pé ìyá rẹ̀ ló bẹ òun títí tí òun fi tún mú kálàmù. Ó ní òun ti fẹ́ ta gbogbo ilẹ̀ náà pátá, torí ó sàn kéèyàn pa àbẹ́là ju kó máa rùn nínú ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló máa di òórùn yẹn o!

Nílé wa, bí ọwọ́ ọ̀tún bá na ọmọ, tòsì a fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì wo ló wà nínú lẹ́tà yìí? Ẹ ní ó mú ọmọ náà bọ̀ sípò: ó lọ kọ́ òfin ní Utrecht, nílẹ̀ Netherlands, lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó sì di lọ́yà ní 1766. Lóòótọ́ ni. Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e ná. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, 1769, James gbé Margaret Montgomerie níyàwó ní Ayrshire. Bàbá ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an lòun náà ń gbé ìyàwó tuntun ní Edinburgh! Ìyá James ò tíì pé ọdún mẹ́rin nínú ilẹ̀. Mo gbìyànjú láti ro bó ṣe máa rí lára rẹ̀, mi ò lè rò ó tán.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dákẹ́ sí, àmọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú. Ní 1778, ẹjọ́ Joseph Knight dé iwájú bàbá yìí àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni Knight, wọ́n tà á ní Jàmáíkà, olówó rẹ̀ sì mú un wá sí Skọ́tlándì, ibẹ̀ ló ti pẹjọ́ láti gba òmìnira. Lord Auchinleck béèrè pé ṣé torí pé èèyàn dúdú ló ṣe máa jẹ́ ẹrú? Ó ní rárá, arákùnrin wa ni, èèyàn ni, bí àwọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ jọ tiwa. Knight jàre. Ọmọ tí mo ń gbèjà látàárọ̀ ńkọ́? Ní 1791, ewì ló kọ láti ta ko àwọn tó fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú.

Báwo ni ẹnu tó gbèjà àlejò bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ ẹnu tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ rẹ̀? Lẹ́tà náà burú, mi ò yẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rántí ọ̀rọ̀ Knight, ẹnu mi ò gbà á mọ́ láti pe ẹni tó kọ ọ́ ní ìkà.