Ìbọ̀wọ́ Funfun Lára Òlekú

Ẹ kú ojú ìpàtẹ aṣọ àtijọ́ o, ẹ̀yin ará Maitama, àdúgbò olówó l'Abuja. Mo ti rí fọ́tò yín: ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń ronú, ọmọláńgidi tó wọ aṣọ ìyáàgbà yín dúró lẹ́yìn. Aṣọ obìnrin ọ̀rúndún ogún! Èmi náà wọ mọ́tò láti Kubwa ní Sátidé, mo lọ wò ó.

Gbogbo ẹ̀ ló dùn-ún wò. Ìbọ̀wọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọmọbìnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ funfun báláú, ó gbé bùbá òlekú kan sọ́wọ́ bí ẹní gbé ọmọ tuntun jáde ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó fi ìbọ̀wọ́ tún ọrùn bùbá ṣe. Ó fi ìbọ̀wọ́ gbọn gèlè. Fóònù ẹ̀ dún, ó bọ́ ọ̀kan, ó tẹ fóònù, ó tún wọ̀ ọ́ padà kó tó kan ìró. Mo wá na ìka kan ṣoṣo. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, epo ara yín á bà á jẹ́."

Epo ara mi! Irú ìró yẹn ni màmá mi fi pọ̀n mí. Mo tọ̀ sí i, mo bì sí i. Epo pupa ta sí i lọ́jọ́ ìkómọ àbúrò mi, wọ́n fi ọṣẹ dúdú gbo ó, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé lọ́dún 1947, Christian Dior, aránṣọ ará Faransé, kó yáàdì aṣọ rẹpẹtẹ sínú yẹ̀rì kan ní Paris, àwọn tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ sì pariwo àṣejù. Ká ní wọ́n mọ iye yáàdì tí ìyá Ẹ̀gbá kan ń ró ni, wọn ì bá panu mọ́.

Folashade Thomas-Fahm, aránṣọ ọmọ Nàìjíríà, ni mo kan sáárá sí. Ó ti London dé ní 1960, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó, ó fi síìpù sí ìró, ó rán gèlè tí kò nílò wíwé, kí obìnrin tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ lè fà á sókè kó máa lọ. Aṣọ eré sísá lẹ wá tì mọ́nú gíláàsì yìí!

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní aṣọ òkè ìyá yín ń rùn káfúrà? Ẹ fi nulẹ̀ tán, ẹ wá ń sanwó wo ti ẹlòmíì. Gáùn tẹ́ ẹ sì wọ̀ wá wò ó, òkìrìkà ni a ń pè é ní ọjà Wuse. Ó dé Maitama, ó di fíntéèjì! Ẹ ò tijú.

Ìbátan wa kan yá sányán màmá mi lọ síbi òkú kan ní Ìlọrin lọ́dún 1989. Títí di òní, "mò ń bọ̀ wá dá a padà" là ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i nínú gíláàsì níbikíbi, ẹ bá mi pè. Ọwọ́ lásán ni n óò fi wá gbé e.